Ẹ jókòó sísàlẹ̀, ẹ má gòkè

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n má baà gbàgbé, torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń kọ èyí. Búkà àmàlà kan wà ní Bódìjà níbí n'Ìbàdàn, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mo ṣì fẹ́ máa jẹun níbẹ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ máa bu ìsàlẹ̀ ìkòkò fún mi. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ jókòó sísàlẹ̀. Ẹ ó rí àtẹ̀gùn tí wọ́n lẹ táìsì mọ́, ẹ ó rí síìnì tí wọ́n kọ V.I.P. sí, bọ̀bọ́ kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun á máa rẹ́rìn-ín sí yín pé "ẹ máa bọ̀ lókè sà, A.C. wà o". Ẹ sọ fún un pé ẹ ṣeun, kẹ́ ẹ wá ibì kan fìdí lé lórí bẹ́ǹṣì.

Mo ti ń jẹun níbẹ̀ kó tó di pé wọ́n ní òkè kankan. Páànù lásán ni wọ́n fi bo ibẹ̀ nígbà yẹn, gbogbo wa la sì jọ wà nílẹ̀, dókítà láti U.C.H., ọlọ́kadà, ọmọ Poly, àwọn tó ń ta pákó ní Bódìjà, bẹ́ǹṣì kan náà la jọ ń jókòó sí, tó o bá fẹ́ dìde o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kìlọ̀ fẹ́ni tó wà létí kejì kí bẹ́ǹṣì má lọ gbé e ṣubú tòun ti àwo ọwọ́ ẹ̀. Ìyá tó ni ibẹ̀ máa ń jókòó síwájú àwọn ìkòkò bí ẹni jókòó síwájú ọmọ, gbogbo ọkùnrin tó bá wọlé, "ọkọ mi" ló ń pè é, bó ṣe ọmọ ọdún méje bó ṣe ẹni àádọ́rin ọdún.

Fẹ́ni tí ò débẹ̀ rí, bí wọ́n ṣe ń rà á nìyí. O máa to sórí ìlà, kò sí pé mo mọ èèyàn níbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó o máa bá lẹni tó ń bu àmàlà, "ṣíbí mélòó?" lọ̀rọ̀ ẹ̀, kò lọ́rọ̀ méjì. Ẹnì kejì ló ń bu ọbẹ̀, á ní "ṣé àbùlà ni?", ìyẹn ni pé ṣé kóun da gbẹ̀gìrì, ewédù àti ata pọ̀ fún ẹ, tó o bá ní ewédù nìkan lo fẹ́, á wò ẹ́ bíi pé ara ẹ ò yá. Ẹnì kẹta ló wà nídìí ẹran pẹ̀lú fọ́ọ̀kì gígùn, ibẹ̀ lowó ti ń jáde lápò èèyàn láìmọ̀, torí á máa gbé e sókè ni, á máa jẹ́ kí epo ro tó-tó-tó sínú ìkòkò, á ní "èyí ńkọ́? èyí ńkọ́ bọ̀dá?", ta ló fẹ́ sọ pé rárá?

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àmàlà yẹn fúnra ẹ̀. Igi ni wọ́n fi ń dáná, lẹ́yìnkùlé, obìnrin méjì ni wọ́n ń rò ó, tí apá wọn le bíi ti ẹni tó ń jìjàkadì, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ti ìkòkò kó má baà yí, wọ́n á wá fi ọmọrogún lù ú bí ẹni bá a ní ìjà. Kò ní kókó. Mi ò tíì bá kókó nínú ẹ̀ rí, ká má parọ́, ó lè ti tó ọgọ́rùn-ún ìgbà tí mo ti jẹ ẹ́. Mo bi ìyá yẹn lọ́jọ́ kan pé níbo ni wọ́n ti ń ra èlùbọ́, ó ní láti Ṣakí ni wọ́n ti ń gbé e wá fóun, pé òun kì í ra èyí tí wọ́n bá ti lọ̀, gbodo lòun ń rà, òun á fojú òun wò ó kí wọ́n tó gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹni tó bá dàgbà sílé wa lápá Ṣakí lọ́hùn-ún máa mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Iṣu tí wọ́n bọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú omi yẹn mọ́jú, kí wọ́n tó sá a sóòrùn títí á fi le bí òkúta. Tójò bá lọ ká a mọ́ orí àpáta tí wọ́n sá a sí, tí ò tètè gbẹ, ara ẹ̀ á ṣe funfun funfun, á máa rùn, tí wọ́n bá wá lọ̀ ọ́ tán o ò ní fojú rí i mọ́, àfìgbà tó o bá gbé òkèlè kan sẹ́nu. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé láfún ni wọ́n dà sínú ẹ̀ kó lè pọ̀, ìyẹn kì í dúdú dáadáa, á máa fà bíi gọ́ọ̀mù. Mi ò bínú sí láfún o, ẹni tó bá fẹ́ láfún kó ra láfún, ẹ ṣáà má ta á fún mi lórúkọ èlùbọ́ iṣu.

Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Mo gbà á lóògùn, torí ìrẹ̀wẹ̀sì tí mo máa ń gbé wá láti ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ṣíbí méjì ló ń kápá ẹ̀.

Gbẹ̀gìrì ńkọ́. Èmi ò kí ń wo ẹran kí n tó mọ̀ bóyá búkà kan dáa, ẹnikẹ́ni tó bá lówó lè ra ẹran tó dáa, gbẹ̀gìrì ni mo máa ń wò. Ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo ẹ̀ kúrò pátá, tí wọ́n sè títí tó fi yòrò, tí wọ́n já, kí wọ́n tó da epo, irú, ata sí i. Iṣẹ́ ni. Èyí tí wọn ò bó dáadáa á máa ní nǹkan dúdú dúdú kéékèèké nínú, èyí tí irú ẹ̀ ò tó á kàn dà bí ẹ̀wà tí wọ́n pò mómi. Ti ibi tí mò ń sọ yìí, tí wọ́n bá bù ú lé orí ọkà, á dúró díẹ̀ kó tó rọra máa sọ̀kalẹ̀, kò ní ṣàn lọ síbi etí àwo bí omi òjò. Ewédù wọn náà, ìjábẹ̀ ni wọ́n fi ń já a, ẹ ó máa gbọ́ ìró ẹ̀ látìta, kò sí blẹ́ńdà níbẹ̀, ó kéré tán nísàlẹ̀.

Àmọ́ o, aago o! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbẹ̀gìrì yẹn bó ṣe yẹ kó rí, ẹ débẹ̀ láàárín aago méjìlá sí aago méjì. Tó bá ti di aago mẹ́ta ọ̀sán ìtàn máa ń yí. Ojú mi báyìí ni mo fi rí ọmọ kan tó gbé kẹ́tùlù omi gbígbóná wá, tó rọ ọ́ sínú ìkòkò gbẹ̀gìrì, tó rò ó pọ̀, tó tún wá ń bá iṣẹ́ lọ. Èrò ló pọ̀, mo mọ̀, mi ò lè torí ẹ̀ pè wọ́n ní olè, ṣùgbọ́n iye kan náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni aago méjìlá àti ẹni aago mẹ́rin.

Iye tí mo san gbẹ̀yìn nísàlẹ̀ rèé: ṣíbí méjì, ₦400 ṣíbí kan, ₦800. Ògúnfe kan ₦2,000. Pọ́ńmọ́ kan tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ₦600. Omi ike ₦300. Àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦3,700, ọbẹ̀ ò lówó, tó o bá sì jẹun dé ìdajì tí ọbẹ̀ tán, na àwo ẹ sí wọn, wọ́n á fi gbẹ̀gìrì díẹ̀ kún un láìsọ nǹkan kan. Ó wọ́n ju tẹ́lẹ̀ lọ, kí ni ò wọ́n? Ọbẹ̀ tó dùn owó ló pa á. Ògúnfe yẹn rọ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ bọ̀ kí wọ́n tó dín in, egungun ẹ̀ ṣeé fà jẹ. Ṣàkì wọn ni mi ò fẹ́ràn, wọn kì í fọ̀ ọ́ dénú, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀ máa ń le. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní orí ẹran, ẹ má bèèrè nǹkan míì.

Ó wá kù sí ọ̀rọ̀ òkè.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé láti Lọ́ńdọ̀n ní Dìsẹ́ńbà, Peckham ló ń gbé, èlùbọ́ wà ní Peckham o, kò sí nǹkan ilé wa téèyàn ò ní rí rà níbẹ̀, àmọ́ ó ní kì í ṣe bákan náà, ó ní ọdún mẹ́fà lòun ti ń lálàá àmàlà tí wọ́n fi igi rò. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ ká lọ. Sátidé ni. A débẹ̀ ní nǹkan bí aago kan, oòrùn ń pa ni, ìlà ti dé ìta, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń fi gèlè nu òógùn, ni bọ̀bọ́ onírẹ́rìn-ín yẹn bá dé. Kí n sọ òtítọ́, kì í ṣe òun nìkan ló tàn wá, èmi náà fẹ́ ṣe ọ̀gá. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rí i pé àbúrò òun ti di ẹni tó ń jókòó sí V.I.P. Bá a ṣe gùn ún lọ nìyẹn.

A.C. mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, abẹ́ ẹ̀ sì rèé, àwọn kan ti jókòó síbẹ̀ tipẹ́. Kò sí ìwé oúnjẹ, àmì kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ tábìlì pé ká fi fóònù yà á, fóònù ẹ̀gbọ́n ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Lọ́ńdọ̀n, tèmi ń yí bìrìbìrì, ìgbà tó yá bọ̀bọ́ yẹn gbé fóònù tiẹ̀ wá, ó ní ká wò ó níbẹ̀. Àbùlà náà ti yí orúkọ padà, Royal Abula Platter ló ń jẹ́ lókè. ₦9,500. Mo wo ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n wò mí, ó ní "ó dáa náà, a ti jókòó".

Ogójì ìṣẹ́jú. Mò ń gbọ́ ìró ìjábẹ̀ lábẹ́ mi, mò ń gbóòórùn ògúnfe, mò ń gbọ́ "ṣíbí mélòó? ṣíbí mélòó?", àwọn tá a bá lórí ìlà nísàlẹ̀ ti jẹun tán, wọ́n ti ń fi igi yọ eyín lójú títì, èmi ń wo bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbá láti ìjẹta nínú tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà tó dé, orí pákó ni wọ́n gbé e sí. Pákó, bí èyí tí wọ́n fi ń gé ẹ̀fọ́. Àmàlà wà nínú ọ̀rá, wọ́n ti di í. Gbẹ̀gìrì wà nínú ife kékeré kan, ewédù wà nínú òmíràn, ata nínú ẹ̀kẹta, gbogbo ẹ̀ ò tó ohun tí wọ́n máa ń fi kún un fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀. Fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n fi tíṣù wé e.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọmọ mi, omi tá a máa fi fọwọ́ dà?"

Bọ̀bọ́ ní, "Mà, fọ́ọ̀kì la máa ń lò lókè níbí mà."

"Fọ́ọ̀kì kẹ̀? Ìwọ tó o dúró yìí, ṣé o ti fi fọ́ọ̀kì jẹ ọkà rí?"

"Rárá mà."

"Lọ bomi wá."

A tú ọ̀rá. Mo tẹ àmàlà náà, kò dá mi lóhùn. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti làágùn, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́, inú ẹ̀ ti le. Mo padà wá mọ ohun tó fà á. Ìdáná kan ṣoṣo ni gbogbo ilé yẹn ní, ẹ̀yìnkùlé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló wà, kò sẹ́ni tó lè máa ru àmàlà gbígbóná gun àtẹ̀gùn ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, nítorí náà láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ti máa ń di tòkè sínú ọ̀rá, wọ́n á kó o sínú kúlà ńlá kan tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Oru ẹ̀ á di omi nínú ọ̀rá. Láyé ewé eéran, ewé náà á fa omi yẹn díẹ̀, á tún fún un ní òórùn tiẹ̀, ọ̀rá kì í fa nǹkan kan. Ìyẹn ni pé oúnjẹ tó tutù jù nínú búkà yẹn ni wọ́n ń tà fáwọn tó ń sanwó jù.

Owó dé. Àwo méjì, ₦19,000. Omi ike méjì, ₦600 ọ̀kọ̀ọ̀kan, omi tó jẹ́ ₦300 nísàlẹ̀, oríṣi kan náà, àfi tó bá jẹ́ pé gígùn tó gun àtẹ̀gùn ló jẹ́ kó wọ́n. Owó iṣẹ́ wọn, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ₦2,020. VAT, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦1,515. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, ₦23,735. Ká ní a jókòó sísàlẹ̀ ni, ₦7,400 ni èmi àti ẹ̀gbọ́n ì bá fi jẹun yó. Wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ mi ni o, torí mi ò lè jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n fi pọ́n-ùn sanwó àmàlà tí mo fi yangàn.

Bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ìyá rí mi. Ó wà níbi tó máa ń wà, nídìí ìkòkò.

"Ọkọ mi! Ibo lo gbà wọlé tí mi ò rí ẹ?"

Mo ní òkè ni mà.

"Òkè? Ta ló ní kó o lọ sókè?" Ó ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ bi ọmọ mi léèrè ọ̀rọ̀ òkè o, òun ló kọ́ ọ. Èmi ò tíì gùn ún látìgbà tí wọ́n ti parí ẹ̀, orúnkún mi ò gbà."

Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi rèé, láti Lọ́ńdọ̀n, pé torí àmàlà ló ṣe wá. Ìyá ò sọ nǹkan kan mọ́. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ ọmọ tó ń bù ú, ó bu ẹyọ kan láti inú ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀, èéfín ń jáde lára ẹ̀, ó da gbẹ̀gìrì lé e, ó da ewédù lé e, ó wá fi ata sáàárín ẹ̀, ó mú pọ́ńmọ́ kan, ó nà án sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní èènì ni. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́ lóòró, níbi ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú báàgì lápá. Ó ń jó o lọ́wọ́, ó ń fẹ́ ẹ, kò gbé àwo yẹn sílẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó wò mí, ó ní "o wá gbé mi lọ sókè".

Nítorí náà òkè, èmi fún un ní ìràwọ̀ kan, torí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀, mẹ́rin. Kì í ṣe márùn-ún, ẹ jẹ́ ká ṣòótọ́, torí àléébù tiẹ̀ náà wà ńlẹ̀. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, fáànù méjì ni, tí Nẹ́pà bá sì ti mú iná lọ, orí òkè ni jẹnẹrétọ̀ kọ́kọ́ ń bá ṣiṣẹ́. Ibi ìfọwọ́ jẹ́ báfù kan pẹ̀lú omi ọṣẹ, tó bá ti di aago méjì ẹ má wo inú ẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò, àwọn agbófinró ọ̀nà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé mọ́tò yín sínú ọjà lọ́hùn-ún kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn wá. Ọ̀rọ̀ tránsífà náà wà: mo ti sanwó tán nígbà kan, fóònù mi ní ó ti lọ, tiwọn ní kò tíì dé, mo jókòó fún bí ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n bí ẹni jẹ gbèsè kí alẹ́ẹ̀tì tó wọlé, gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà sì ń wò mí. Látìgbà náà owó ọwọ́ ni mò ń mú lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, tẹ́ ò bá ní sùúrù, ẹ má débẹ̀ rárá.

Àwọn kan máa ní kí ló dé tí mi ò kàn lọ sí Àmàlà Skye, Bódìjà yìí náà ló wà. Mo ń lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sóhun tó ṣe é. (Báńkì Skye tó fún un lórúkọ ti di Polaris láti 2018, kò sì tíì sẹ́ni tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ pé òun ń lọ jẹ Àmàlà Polaris.) Ọ̀rẹ́ mi ará Èkó á máa fi ti Shitta ní Súrùlérè dá mi lóhùn, ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ìjẹ̀bú á ní kí gbogbo wa gbẹ́nu sọ́hùn-ún, pé ìkọ́kọrẹ́ ni oúnjẹ. Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Èmi ń sọ èyí tó wà nítòsí ọ́fíìsì mi.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sílé, ẹ mú kúlà tiyín dání, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n bu àmàlà sínú ẹ̀ tààrà láti inú ìkòkò, kí wọ́n má fi ọ̀rá kàn án, wọ́n á kùn díẹ̀ àmọ́ wọ́n á ṣe é. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè o, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dáná sun owó ọkọ̀ lórí ìyẹn.